Àtúnṣe: Awò ojú aláwọ̀ kì í wo dyslexia sàn
Ẹ̀yin òbí wa ní Ìkòròdú, ohùn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri lórí WhatsApp, tó ní àìsàn ojú ni dyslexia (ìṣòro ìwé kíkà àti kíkọ), pé awò ojú aláwọ̀ búlúù ló ń wò ó sàn, kì í ṣe òótọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ná owó yín sí i.

Òótọ́ ni pé dókítà ojú ló fún un lórúkọ, Rudolf Berlin ará Jámánì, ní 1887. Ṣùgbọ́n ọpọlọ ni kì í tètè so ìró ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́tà rẹ̀. Ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Ní 2009, àwọn dókítà ọmọdé àti dókítà ojú ní Amẹ́ríkà jọ kéde pé kò sí ẹ̀rí fún awò aláwọ̀ yìí.

Mo jókòó ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ní dyslexia lálẹ́ àná. “b” ló fẹ́ kọ, “d” ló jáde. Ó pa á rẹ́ títí ìwé fi ya. Ọmọ yìí kan náà ló ń ṣírò ṣéńjì fún ìyá rẹ̀ lọ́jà Sábó láìmú bírò. Ta ló máa wá pè é ní olódo?

Ẹ jẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa fi ìka kọ lẹ́tà sínú iyanrìn, kó máa pe ìró rẹ̀ sókè, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ fi àkókò kún tirẹ̀ nígbà ìdánwò. Bí ojú bá ń dùn ún ní tòótọ́, ẹ gbé e lọ bá dókítà ojú, ọ̀tọ̀ nìyẹn.