Bí Kì Í Bá Ṣe Oyin, Ẹ Má Pè É Lóyin

Ìgò ike kan wà lórí tábìlì wa bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ilé ìtajà ńlá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde la ti rà á. Ohun tí wọ́n ń dà sí tíì àti ògì kó lè dùn ni. Wọ́n ya oyin tó bà lé òdòdó sí iwájú rẹ̀, wọ́n sì fi èdè òyìnbó kọ "oyin" gàdàgbà sí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ wà, nítorí lẹ́tà ibẹ̀ kéré débi pé ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún yóò wá awò rẹ̀ kiri. Ṣúgà ló ṣíwájú níbẹ̀, omi glucose, ìyẹn ṣúgà olómi, tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà omi lásán, kó tó wá kan oyin. Òórùn àtọwọ́dá àti aró ló kẹ́yìn. Bí wọ́n sì ṣe ń to èròjà sára ọjà ni pé èyí tó pọ̀ jù ló ń ṣíwájú. Oyin tí wọ́n fi polówó ọjà náà ló wà nípò kẹrin.

A ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó po oyin mọ́ ṣúgà. Oyin wọ́n, owó ò sí lọ́wọ́ aráàlú, ẹni tó bá sì fẹ́ ra àbùlà lówó pọ́ọ́kú ní ẹ̀tọ́ láti rà á. Ìyẹ̀fun oyin tó ń wọlé báyìí pàápàá, oyin nìkan ṣòro gbẹ di ìyẹ̀fun. Wọ́n sábà máa ń fi maltodextrin, tí wọ́n ń ṣe látara sítáàṣì àgbàdo tàbí ti ẹ̀gẹ́, gbé e dúró ni. Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ń bá wí ni kí wọ́n ta àbùlà, kí wọ́n sì fi orúkọ ògidì pè é.

Ọmọ Ìjẹ̀bú kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń rí lára nígbà tí ẹnì kan l'Ékòó bá bu gàrí tí kò kan, tí kò kúnná, sínú kọ́ńgò, tó ní gàrí Ìjẹ̀bú ni. Gàrí náà ṣeé mu, kò pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ tí àwọn ìyá wa fi dúró kí ẹ̀gẹ́ kan dáadáa, òun ló ń fi pawó. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ọlọ́sìn oyin tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí létí igbó J4, tó ń wọ aṣọ ńlá lóru, tó gbé èéfín dání, tí oyin ṣì ń ta á. Wọ́n ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òun ò wo ẹnu àáké lóòótọ́, àmọ́ tó bá gbé ìgò rẹ̀ dé ọjà Òkè-Ajé, ẹni tó se ṣúgà nílé ti ta tirẹ̀ tán ní ìdajì owó.

Ìlànà ò sì ṣàì sí. Ìlànà lórí oyin tí Codex, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà oúnjẹ, gbé kalẹ̀, tó ti wà láti 1981, sọ pé ohun tí a bá tà lóyin kò gbọdọ̀ ní èròjà mìíràn nínú, omi inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìlànà Codex tó wà fún àkọlé oúnjẹ tún sọ pé bí o bá fi ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán gbé èròjà kan lárugẹ, o gbọ́dọ̀ kọ ìwọ̀n rẹ̀ síta. Ní Amẹ́ríkà, ìtọ́sọ́nà tí FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, gbé jáde ní 2018 ní bí wọ́n bá po oyin mọ́ nǹkan mìíràn, kí wọ́n kọ ọ́ gedegbe pé àdàlù ni.

Àwọn kan á ní kò pọn dandan, pé Yorùbá mọ oyin gidi tó bá rí i. Ṣé lóòótọ́? Ẹ wo àwọn tó ń ra oyin inú ìgò ọtí lójú títì Ògèrè àti Ṣágámù. Wọ́n á ní kí wọ́n kán an sómi, tó bá rì láì tú, ojúlówó ni. Ṣúgà tí wọ́n sè títí tó fi ki á rì bákan náà. Ẹlòmíràn á ti ìṣáná bọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ bóyá omi pọ̀ nínú rẹ̀ nìkan ni ìṣáná lè sọ. Ti pé eèrà kì í jẹ oyin ògidì, ẹ̀rín ni ìyẹn ń pa wá. Èyí tó burú jù ni pé oyin gidi máa ń dì tó bá pẹ́ nílẹ̀. Oníbàárà á ní ṣúgà ni wọ́n dà sí i, á dá a padà, á lọ ra èyí tí kì í dì. Àwọn tó ní ilé àyẹ̀wò ńlá pàápàá ń rí wàhálà: nínú oyin 320 tí àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù yẹ̀ wò ní 2021 sí 2022, èyí tí wọ́n kó wọlé láti ilẹ̀ mìíràn, 147 ló mú ìfura àbùlà dání.

Ọ̀rọ̀ ìlera tún wà níbẹ̀. Àwọn onítọ̀ ṣúgà ń ra nǹkan wọ̀nyí nítorí pé ẹnì kan sọ fún wọn pé oyin kì í ṣe ṣúgà. Ṣíbí oyin ńlá kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 21, ó sì tó gíráàmù 17 ṣúgà tó wà nínú rẹ̀, ògidì oyin là ń sọ o. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ka ṣúgà inú oyin mọ́ èyí tó yẹ kéèyàn dín kù. Ẹni tó bá kọ "kò sí ṣúgà" sára ìgò oyin ń tan aláìsàn jẹ.

Ohun tí a fẹ́ kò le. Kí NAFDAC má gba ọjà kankan tó ya oyin síwájú láì kọ ìdá oyin inú rẹ̀ sí iwájú kan náà, ní lẹ́tà tó ṣeé kà. Kí àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ máa mú oyin ọjà lọ fún àyẹ̀wò. Yunifásítì ò jìnnà sí wa, ọ̀kan wà l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè, ọ̀kan wà n'Ílíṣàn. Ẹgbẹ́ ọlọ́sìn oyin tó bá sì fẹ́ gba nọ́ńbà NAFDAC pa pọ̀, kí ìjọba ìpínlẹ̀ bá wọn dá nínú owó rẹ̀, torí àwọn tó ń se ṣúgà ló ń jèrè bí nọ́ńbà náà ṣe wọ́n.

Ìlà kan tún wà tí a fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ sára gbogbo ìgò, ògidì àti àbùlà. A ń fi oyin sọmọ lórúkọ, a ò sì ní kí ẹnikẹ́ni pa á tì. Ṣùgbọ́n oyin tó mọ́ jù lọ lè gbé kòkòrò àìfojúrí Clostridium botulinum, tí inú àgbàlagbà ń borí, tó sì lè hù nínú ìfun ìkókó, kó tu oró tó ń sọ iṣan ara ọmọ di aláìlágbára. Kí bàbá àti ìyá bá ọmọ tọ́ ọ wò lọ́jọ́ ìkómọ. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sára ìgò ní Yorùbá: ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan.