Lemaître Kò Fi Ìwé Jẹ́nẹ́sísì Ṣe Ìṣirò

Ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn, tí àwọn oníwàásù àti àwọn tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ jọ ń sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí olúkúlùkù fẹ́ fi í gbè yàtọ̀. Wọ́n ní Georges Lemaître, àlùfáà Kátólíìkì ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tí ó fi ìpìlẹ̀ ohun tí ayé ń pè ní Big Bang lónìí lélẹ̀ (àlàyé pé àgbáálá ayé ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń fẹ̀ láti ìgbà náà), inú orí kìíní ìwé Jẹ́nẹ́sísì ni ó ti mú un, pé ńṣe ni ó kàn wá ìṣirò tì í lẹ́yìn. Oníwàásù ń fi í yangàn pé sáyẹ́ǹsì ti jẹ́rìí sí ìṣẹ̀dá. Ẹnìkejì ń sọ pé ẹ̀sìn ni wọ́n fi aṣọ sáyẹ́ǹsì bò. Bí a bá to àwọn ohun tí ọkùnrin náà kọ bí ọdún wọn ti tẹ̀ léra, ọ̀rọ̀ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ìlú Charleroi ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 17, oṣù Keje, ọdún 1894. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni ó ń kọ́ ní yunifásítì Louvain ní Bẹ́ljíọ̀mù nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, ó sì yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún iṣẹ́ ológun. Nígbà tí ó ti ogun dé, ó fi iṣẹ́ ẹnjiníà sílẹ̀, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò ní 1920, ìgbà náà ni ó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ní Mechelen, níbi tí ó ti ń ka iṣẹ́ Einstein mọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn. Wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní oṣù Kẹsàn-án 1923. Kò pẹ́ tí ó fi dé ọ̀dọ̀ Arthur Eddington, onímọ̀ ìràwọ̀, ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn náà ó lọ sọ́dọ̀ Harlow Shapley, onímọ̀ ìràwọ̀ mìíràn, ní ilé ìwòràwọ̀ Harvard ní Amẹ́ríkà. (Àwọn kan a máa kà á mọ́ ẹgbẹ́ àwọn Jesuit. Ilé ẹ̀kọ́ wọn ni ó lọ ní kékeré. Àlùfáà abẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ni òun fúnra rẹ̀.)

Ọdún 1927 ni ìtàn àtẹnudẹ́nu yẹn ti kọ́kọ́ dàrú. Ní ọdún náà, Lemaître, tí ó ti di olùkọ́ ní Louvain, tẹ iṣẹ́ kan jáde ní èdè Faransé nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ onísáyẹ́ǹsì ti Brussels. Ó fi hàn pé àgbáálá ayé tí ń fẹ̀ sí i bá ìṣirò Einstein lórí agbára òòfà (gravity) mu, ó sì lo ìwọ̀n jíjìnnà àti ìyára ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ (galaxy) 42 láti ṣírò bí ó ṣe ń yára fẹ̀ tó: bí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan bá fi mílíọ̀nù 3.26 ọdún ìmọ́lẹ̀ jìnnà sí wa ju òmíràn lọ, ìyára rẹ̀ yóò fi nǹkan bíi kìlómítà 625 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ju ti èkejì. (Nǹkan bí 70 ni a mọ̀ lónìí. Tirẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọn kò tíì mọ ọ̀nà àtiwọn jíjìnnà dáadáa nígbà náà.) Èyí ṣẹlẹ̀ ní ọdún méjì kí Edwin Hubble, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Amẹ́ríkà, tó tẹ tirẹ̀ jáde ní 1929.

Ṣùgbọ́n àgbáálá ayé tí Lemaître kọ sílẹ̀ ní 1927 yẹn kò ní ìbẹ̀rẹ̀ kankan. Ohun tí ó sọ ni pé ó ti wà ní ìdúró jẹ́ẹ́ láti ayébáyé, irú èyí tí Einstein fúnra rẹ̀ fẹ́, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá “Ní àtètèkọ́ṣe” nínú ìṣirò, báwo ni yóò ṣe kọ́kọ́ tẹ èyí tí kò ní àtètèkọ́ṣe jáde? Pẹ̀lúpẹ̀lù, Alexander Friedmann, onímọ̀ ìṣirò ti Rọ́ṣíà tí kì í ṣe àlùfáà, ti kọ ọ́ ní 1922 pé àgbáálá ayé lè bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n òdo, Lemaître kò sì mọ̀ nípa rẹ̀ títí Einstein fi sọ fún un ní Brussels ní 1927. Ìjíròrò yẹn kan náà ni Einstein ti sọ pé ìṣirò rẹ̀ tọ́, àmọ́ pé físíìsì rẹ̀ burú jáì.

Ní 1931 ni ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ tó wọlé. Eddington ti sọ pé òun kórìíra èrò pé àgbáálá ayé ní ìbẹ̀rẹ̀. Lemaître fèsì nínú lẹ́tà kúkurú kan tí ìwé ìròyìn Nature tẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún. Inú físíìsì ni ó ti mú ẹ̀rí rẹ̀: bí ìgbà ti ń lọ, ńṣe ni agbára ń pín sí èérún púpọ̀ sí i, nítorí náà bí a bá padà sẹ́yìn, iye èérún yóò máa dín kù títí yóò fi ku ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹyọ yìí ni ó wá ń pè ní átọ̀mù àkọ́kọ́.

Ìwé tí ó fi ẹ̀rọ tẹ̀ lẹ́tà náà kí ó tó fi ránṣẹ́ ṣì wà. Ìpínrọ̀ kan wà níparí rẹ̀ tí ó sọ pé ẹni tí ó gba Ọlọ́run gbọ́ gbà pẹ̀lú pé Ọlọ́run fara pamọ́, inú rẹ̀ sì lè dùn pé físíìsì ta aṣọ bo ìṣẹ̀dá. Lemaître fa ìlà gba orí gbogbo rẹ̀, kò sì jáde nínú Nature. Ẹ tún ṣàkíyèsí ohun tí ìpínrọ̀ náà wí gan-an: kò sọ pé físíìsì ń fi ìṣẹ̀dá hàn, bíbò ni ó ní ó ń bò ó.

Ìfura kò ṣàì ní orísun. Einstein sọ fún un pé átọ̀mù náà jọ ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀dá jù. Fred Hoyle, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àlàyé tirẹ̀ nípa àgbáálá ayé kò ní ìbẹ̀rẹ̀, ni ó sọ orúkọ náà Big Bang lórí rédíò BBC ní 1949. Àmọ́ ẹni tí ó dá kún un jù lọ, láti inú ìjọ fúnra rẹ̀ ni ó ti wá: ní oṣù Kọkànlá 1951, Póòpù Pius Kejìlá sọ fún Àkádẹ́mì Sáyẹ́ǹsì ti Fátíkàn pé ìmọ̀ òde òní ti ń jẹ́rìí sí ọjọ́ ìṣẹ̀dá. Inú Lemaître, tí ó jẹ́ ọmọ àkádẹ́mì náà, kò dùn rárá. Ó bá Daniel O'Connell, olùdarí ilé ìwòràwọ̀ Fátíkàn, sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, nígbà tí Póòpù sì bá àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ sọ̀rọ̀ ní Róòmù ní oṣù Kẹsàn-án 1952, kò tún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ mọ́. Ní 1958, ní ìpàdé Solvay ti àwọn onímọ̀ físíìsì, Lemaître là á mọ́lẹ̀ pé àlàyé òun wà lẹ́yìn òde ìbéèrè ẹ̀sìn èyíkéyìí, ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ sì lómìnira láti wà bẹ́ẹ̀.

Àlàyé náà ṣe é dán wò, ó sì kùnà níbì kan. Lemaître rò pé ìtànṣán alágbára tí ń wọlé láti òfuurufú ni ìyókù átọ̀mù àkọ́kọ́, ó sì bá Manuel Sandoval Vallarta, onímọ̀ físíìsì ti Mẹ́síkò, ṣírò ipa ọ̀nà wọn. Ibòmíràn ni ìtànṣán wọ̀nyẹn ti ń wá. Ìyókù tòótọ́ láti ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ ni ìtànṣán rédíò aláìlágbára tí Arno Penzias àti Robert Wilson, onísáyẹ́ǹsì méjì ní Amẹ́ríkà, kéde ní 1965. Odon Godart, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, ni ó mú ìròyìn náà wá bá a kí ó tó kú ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà 1966.