Àtúnṣe: Etí tó wúwo díẹ̀ àti iṣẹ́ sójà Amẹ́ríkà

Ohùn kan ń kiri lórí WhatsApp pé ẹni tí etí rẹ̀ bá ti wúwo díẹ̀ kò lè ṣe sójà ní Amẹ́ríkà, àfi kó fi í pamọ́ fún dókítà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ní MEPS, níbi tí wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò àwọn tó fẹ́ wọ iṣẹ́ sójà, ẹ ó jókòó sínú yàrá kékeré tí ariwo kì í wọ̀, ẹ ó máa tẹ bọ́tìnì bí ẹ bá ti gbọ́ ohùn. Hz ń sọ bí ohùn ṣe tín-ín-rín tó, dB sì ń sọ bí ohùn ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó kí ẹ tó gbọ́ ọ. Ní 500, 1000 àti 2000 Hz, ìpíndọ́gba etí kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju 25 dB lọ, kí ẹyọ kan má sì kọjá 30. Òpin jẹ́ 35 ní 3000 Hz, 45 ní 4000 Hz. Níbi àwọn ohùn tó tín-ín-rín yẹn ni àyè ti pọ̀ jù, ibẹ̀ náà sì ni ariwo jẹnẹrétọ̀ ti sábà máa ń kọ́kọ́ ba etí jẹ́.

Ẹni tó kọjá òpin lè béèrè waiver, ìyẹn ìyọ̀ǹda pé kí wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè fún un, wọ́n sì lè má fún un.

Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tún ní ìwọ̀n tirẹ̀. H nínú PULHES, lẹ́tà mẹ́fà tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìlera sójà, ni ti etí, láti 1, tó dára jù, dé 4. Kódà 11B, àwọn afẹsẹ̀jagun, ń gba H2. Ẹ béèrè H iṣẹ́ tó wù yín kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé.

Ti fífi pamọ́ ńkọ́? Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin ológun. Wọ́n lè lé èèyàn lẹ́yìn tó ti búra.