Akólòlò Kì Í Dákẹ́: Òwe Kan àti Iṣẹ́ Ayé Jacki Weaver

"Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba." Òwe yìí kì í wọ́n lẹ́nu wa. Bí ẹnìkan bá ń wá iṣẹ́ tí kò rí, òun la fi ń tù ú nínú. Bí obìnrin bá ń wojú Olúwa fún ọmọ, òun náà la ó pa fún un. Ohun tó ń dùn mí ni bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń gbọ́ ọ. A ti sọ ọ́ di òwe ẹni tó káwọ́ lẹ́rán, tó ń wojú ọ̀run, tó ní ọjọ́ òun ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Akólòlò inú òwe náà kò dákẹ́. Ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́: "ba... ba... ba..." Òógùn ń bò ó, iṣan ọrùn rẹ̀ ń yọ, àwọn ọmọdé ń fi í ṣẹ̀sín, síbẹ̀ kò pa ẹnu dé. Akólòlò tó bá panu mọ́ kò ní í pe baba láéláé, ìbáà lo ọgọ́rùn-ún ọdún láyé.

Òwe yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá rí fíìmù Jacki Weaver, òṣèrébìnrin ará Ọsirélíà. Ó ti pé ẹni ọdún 63 kí aráyé tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ lọ́dún 2010 á ní oríire òjijì ni. Oríire òjijì wo? Iṣẹ́ ogójì ọdún ó lé ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Sydney ni wọ́n ti bí i, lọ́jọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1947. Agbẹjọ́rò ni bàbá rẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìyá rẹ̀ ti wá. Orí rẹ̀ pé, ó rí ẹ̀bùn owó gbà láti lọ kàwé ní yunifásítì, ṣùgbọ́n eré ti gba ọkàn rẹ̀. Kò tíì pé ogún ọdún tó ti ń ṣeré lórí ìtàgé. Ẹni tó bá sì yan fíìmù láàyò ní Ọsirélíà ìgbà náà, ibi tí kò sọ́jà ló gbé igbá lọ. Kì í ṣe pé ilẹ̀ náà kò ní ìtàn; láti 1906 ni wọ́n ti gbé The Story of the Kelly Gang jáde níbẹ̀, ọ̀kan lára àwọn fíìmù gígùn tó kọ́kọ́ wáyé lágbàáyé. Àmọ́ nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1960, fíìmù ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́; ti Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì ló kún ilé sinimá wọn. Ọdún 1970 ni ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa fowó ran àwọn tó ń ṣe fíìmù lọ́wọ́, láti ìgbà náà ni nǹkan sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé.

Weaver wà níbẹ̀ nígbà tó ń rúwé. Stork tó jáde ní 1971 gbé àmì ẹ̀yẹ Australian Film Institute (AFI), ẹgbẹ́ fíìmù ilẹ̀ náà, wá fún un. Ní 1973 ó wà nínú Alvin Purple, fíìmù ẹ̀fẹ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ tú jáde láti wò. Ní 1975 ó ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ nínú Picnic at Hanging Rock, fíìmù tó jẹ́ kí òkèèrè mọ̀ pé Ọsirélíà náà ń ṣe fíìmù. Nígbà tó di 1976, Caddie fún un ní àmì ẹ̀yẹ AFI mìíràn. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: òṣèré tí wọ́n mọ̀ nílé ni, tí wọ́n sì fẹ́ràn.

Ibi tó yẹ kó ti máa gòkè ni ọ̀nà ti dín. Láti Caddie di ìgbà tí aráyé mọ̀ ọ́n jẹ́ ọdún 34. Kì í ṣe pé kò rí fíìmù kankan ṣe láàárín. Squizzy Taylor wà ní 1982, Cosi wà ní 1996, ó sì ń ṣe ti tẹlifíṣọ̀n. Èyí tó máa gbé e kúrò ní ilẹ̀ rẹ̀ ni kò yọjú. Ọmọge ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ tí wọ́n mọ̀ ti ń dàgbà, àwọn tó ń kọ fíìmù kò sì mọ ohun tí obìnrin tó ti lé lógójì ọdún lè ṣe lójú sinimá ju kó gbé tíì wá fún ẹlòmíràn lọ. Mo fẹ́ ká sọ èyí bó ṣe rí, nítorí a máa ń fi òwe sùúrù bo ìrẹ́jẹ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń pẹ́ kì í ṣe ọ̀lẹ ní gbogbo ìgbà. Ìlẹ̀kùn mìíràn wà tó jẹ́ pé èèyàn ló tì í.

Kí ló wá ṣe? Ó jókòó ti ìtàgé. Eré olórin, eré ẹ̀fẹ̀, eré ńláńlá àwọn akọ̀wé ayé àtijọ́, kò sí èyí tó yọ sílẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ló kópa nínú They're Playing Our Song, tí èrò wọ́ lọ wò. Ìtàgé kì í sì í jẹ́ kí èèyàn sùn lé ohun tó mọ̀. Kò sí "ẹ jẹ́ ká tún un yà" níbẹ̀. Ohùn rẹ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Bí o bá purọ́ pẹ̀lú ojú, àwọn èèyàn á húkọ́, wọ́n á máa yí lórí àga, o ó sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Alaalẹ́ ni wọ́n ń dán an wò, ọdún sì ń gorí ọdún. Ní 2005 ó kọ ìwé nípa ayé ara rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ wò ó, ó kọ ìtàn ayé rẹ̀, ó fi oríṣìí orí sí i, fíìmù tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n lónìí kò sì sí nínú rẹ̀, nítorí pé kò tíì ṣe é.

Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. David Michôd kò tíì pé ogójì ọdún nígbà tó darí Animal Kingdom, fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tó ṣe, tó jáde ní 2010. Weaver ló ní lọ́kàn fún ipa ìyá inú rẹ̀. Èyí ni apá òwe wa tí a kì í tú. Bí akólòlò bá ń pe baba, baba náà ní láti dúró gbọ́. Ìwọ tí o ní iṣẹ́ láti pín, tí o sì ń wá ẹni tó máa ṣe é, bi ara rẹ léèrè iye àgbà òṣìṣẹ́ tí o ti fò kọjá torí pé orúkọ wọn kò dún lẹ́nu àwọn èwe. Michôd kò fo Weaver.

Ìdílé adigunjalè kan ní Melbourne ni fíìmù náà dá lé. Oògùn olóró pa ìyá ọmọkùnrin kan, ọmọ náà sì lọ ń gbé lọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀, Janine Cody, tí wọ́n ń pè ní Smurf. Obìnrin kúkúrú ni, ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó ń fẹnu ko àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ lẹ́nu bí ẹni ń kẹ́ ọmọ ọwọ́. A ó máa rò ó pé màmá rere ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ yìí bá wá fẹ́ kó ba àwọn ọmọ rẹ̀, ohùn kan náà tó fi ń pe èèyàn ní olólùfẹ́ ló fi máa bá àwọn olọ́pàá tó ti bàjẹ́ ṣètò bí wọn ó ṣe gbẹ̀mí ọmọ náà. Kò pariwo, kò ṣẹ́jú. Mo ti wo ibi tó ti pàdé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan nínú ilé ìtajà ńlá, tó ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ara mi sì ń bù máṣọ. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ohun tó ń dẹ́rù bani nínú ẹ̀rín yẹn, àkísà ni. Ẹni ọgbọ̀n ọdún kò lè rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀, ìbáà gba ẹ̀kọ́ níbi gbogbo.

Fíìmù náà gba ẹ̀bùn àwọn adájọ́ fún fíìmù ilẹ̀ òkèèrè ní Sundance, àjọ̀dún fíìmù kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì yan Weaver mọ́ àwọn tó ń du Oscar, àmì ẹ̀yẹ fíìmù tó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí òṣèrébìnrin nínú ipa àtìlẹ́yìn. Òṣèrébìnrin mìíràn, Melissa Leo, ló gba Oscar náà. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tún yàn án fún Silver Linings Playbook, níbi tó ti ṣe ìyàwó Robert De Niro, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká òṣèré Amẹ́ríkà. Anne Hathaway ló gbà á nígbà yẹn. De Niro fi ọdún mẹ́rin péré jù ú lọ, ó sì ti gba Oscar méjì kí 1981 tó tán. Ní 1981 yẹn, Weaver kò tíì ní fíìmù tó máa gbé e dé Amẹ́ríkà.

Nítorí náà bí o bá ń dá ara rẹ lóró torí pé ẹgbẹ́ rẹ ti ṣáájú, mi ò ní sọ fún ọ pé kò dunni. Ó ń dunni. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ rẹ ni pé kí lo ń ṣe lọ́wọ́ báyìí? Aránṣọ tó ń retí oníbàárà ńlá, ṣé ó ṣì ń gé aṣọ? Olùkọ́ tó ń retí ìgbéga, ṣé ó ṣì ń múra iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó wọ kíláàsì? Bí ó bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, òwe yìí tọ́ sí ọ. Bí ọwọ́ bá ti wà lẹ́rán, wá òwe mìíràn.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ fíìmù kò wọ́n Weaver mọ́: Stoker, Widows, Bird Box, Penguin Bloom, títí kan Yellowstone lórí tẹlifíṣọ̀n. Èyí tó wú mi lórí jù kò sí nínú wọn. Ní oṣù Kejì ọdún 2011 ni ó jókòó láàárín àwọn tó ń du Oscar ní Los Angeles. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, ó wà ní Washington pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣèré Sydney Theatre Company, wọ́n ń ṣe eré ìtàgé Uncle Vanya, gbajúmọ̀ òṣèrébìnrin Cate Blanchett sì wà lára wọn. Ipa Marina ni Weaver mú, arúgbó olùtọ́jú tó máa ń jókòó ti ìsáàsùn tíì, tó ń hun ìbọ̀sẹ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé eré náà lọ sí New York, ó sì tún bá wọn lọ ṣe é.