Èló Wo?

Bí mo bá ti Amẹ́ríkà délé l'Ógbómọ̀ṣọ́ nítorí ọmọ tí èmi àtọkọ mi fẹ́ gbà ṣọmọ, n kì í tíì jókòó tí ẹnì kan á ti bèèrè: "Èló lẹ fẹ́ ra ọmọ náà?"

Rà kẹ̀? Ṣé iṣu ọjà Tákíé ni? Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ọdún 2003 ti ka ríra ọmọ léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Kí wọ́n tó lè gbà fún wa l'Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ilé wa wò dé inú ilé ìdáná, wọ́n ní kí èmi àtọkọ mi tẹ̀ka, wọ́n wo owó oṣù wa. Ìyẹn ò tíì kan ti ilé ẹjọ́ níbí o!

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi á tún ní, "Ẹ ní sùúrù, ẹ ó bí tiyín." Tiwa kọ́ lèyí ni, mà?

Ẹ jẹ́ n jẹ ọkà mi jàre.