Gbígbóná Nìkan Kò Gba Oúnjẹ Àná Là

"Ẹ sáà mú un gbóná dáadáa, kò ní ṣe yín ní nǹkan kan." Láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Mushin, ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ nìyí bí ìkòkò oúnjẹ bá sun orí sítóòfù mọ́jú. Ìgbàgbọ́ tó wà ńbẹ̀ ni pé bí oúnjẹ bá ti hó, ohun yòówù tó wọ inú rẹ̀ lóru ti kú, ẹ bu ún jẹ.

Ìdajì rẹ̀ jóòótọ́. Iná ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí oúnjẹ tí a ń mú gbóná gbóná dénú, kó tó 70 ó kéré tán lórí òṣùwọ̀n Celsius, kòkòrò bíi Salmonella àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì ní yè é. Ṣùgbọ́n kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Bacillus cereus. Inú erùpẹ̀ ló ń gbé, àtoko ló ti máa ń bá ìrẹsì wálé. Ó ní irú hóró kan tó le koko tó máa ń sá sí, omi híhó kì í sì í pa hóró náà. Bí ìrẹsì bá jinná, tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́, hóró náà á hù, kòkòrò á máa bí sí i, wọ́n á sì máa tu májèlé sínú ìrẹsì. Bí ẹ bá wá gbé e padà sórí iná láàárọ̀, kòkòrò á kú, májèlé á wà níbẹ̀ digbí. Nílé àyẹ̀wò, wọ́n ti se májèlé yìí ní ìwọ̀n 121 fún wákàtí kan àtààbọ̀, kò mira. Omi tó ń hó nínú ìkòkò tiwa kò ju 100 lọ. Májèlé náà kò ní òórùn, kò ní adùn, nítorí náà ẹni tó ń gbé imú sí ìkòkò láti mọ̀ bóyá ìrẹsì ti ń fà tàbí ó ti kan kò lè fi ìyẹn mọ̀ ọ́n. Kòkòrò mìíràn, Staphylococcus, tó ń ti ọwọ́ àti imú alásè bọ́ sínú oúnjẹ, náà nírú májèlé tirẹ̀ tí híhó kì í lé lọ.

Ní 2008, ní ìlú Brussels, orílẹ̀-èdè Belgium, akẹ́kọ̀ọ́ ẹni ogún ọdún kan gbé spaghetti ọlọ́bẹ̀ tòmátò tó ti wà nílé ìdáná láti ọjọ́ márùn-ún láìsí nínú fíríìjì. Ó mú un gbóná nínú makirowéfù, ó jẹ ẹ́. Òkú rẹ̀ ni wọ́n bá lọ́jọ́ kejì. Wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde ní 2011: Bacillus cereus kún inú spaghetti ọ̀hún. Kì í sábà pa èèyàn báyẹn o. Èébì àti inú rírun ló wọ́pọ̀, láàárín 30 ìṣẹ́jú sí wákàtí 6 lẹ́yìn oúnjẹ, ó sì sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan.

Màmá àgbà á ní, "Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe láti kékeré, àbí a kú?" Ẹ̀yin màmá wa, ẹ ò parọ́. Ọbẹ̀ ata lẹ sì ń sọ. Ọbẹ̀ ata tí wọ́n dín títí omi fi gbẹ lára rẹ̀, tí òróró léfòó, tí tòmátò inú rẹ̀ kan díẹ̀, kì í tètè gba kòkòrò láyè. Kì í ṣe pé kì í bà jẹ́, ó kàn ń pẹ́. Mímú un gbóná láàárọ̀ àti lálẹ́ ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́. Ìrẹsì ìgbà náà ńkọ́? Oúnjẹ Kérésì àti Iléyá ni, pẹ̀lú ọjọ́ Àìkú fún ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ tó o, agbo ọmọ inú ilé kì í sì í jẹ́ kó ṣẹ́ kù. Nígbà tí ìrẹsì wá di oúnjẹ ojoojúmọ́, a mú òfin ọbẹ̀ ata, a fi ń ṣèdájọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wọ́.

Ẹ wo ìrẹsì ọ̀wàǹbẹ̀ ní tiẹ̀. Àwọn alásè ti dáná kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Agogo mẹ́wàá, ìrẹsì ti wọ kúlà. Wọ́n ní aago kan ni àríyá ń bẹ̀rẹ̀ (ẹ̀yin náà mọ aago kan tiwa), oúnjẹ dé iwájú èèyàn láago mẹ́rin, wọ́n di ìyókù sínú ike, ó bá wọn wọ mọ́tò, ó dúró nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ lórí Third Mainland Bridge, ó sun orí tábìlì. Oúnjẹ gbọ́dọ̀ gbóná ju 60 lọ kí kòkòrò má ráyè bí sí i. Kúlà tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń pa dé láti àárọ̀ kì í pẹ́ wálẹ̀ sísàlẹ̀ ìyẹn. Tí èébì bá wá gbé ọmọ lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á ní ayé ti fi nǹkan sí oúnjẹ aláríyá. Ọ̀tá aláríyá kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Wákàtí méjì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fún oúnjẹ sísè níta, lẹ́yìn náà kó wọ ibi tó tutù, kó má ju 5 lọ fún ààyò. Ilé ìdáná tó máa tutù tó 5 lóru l'Ékòó, ó di ọjọ́ tí yìnyín bá bọ́ ní Òṣòdì.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi àjẹṣẹ́kù se oúnjẹ mìíràn, alẹ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí wọ́n tó fọ abọ́. Ẹ má gbé ìkòkò ńlá sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀. Àárín rẹ̀ á ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ di ọ̀gànjọ́. Ẹ bù ú sínú abọ́ pẹrẹsẹ, ẹ jẹ́ kí ooru fẹ́ kúrò lára rẹ̀ díẹ̀, ẹ gbé e wọ fíríìjì. Àwọn tó ń sọ pé oúnjẹ tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń ba fíríìjì jẹ́, ìkòkò ńlá tó ń ru èéfín ló yẹ kí wọ́n máa bá wí.

Ìrẹsì funfun tó sun fíríìjì ló dára jù fún dídín, nítorí hóró rẹ̀ ti le, kò ní lẹ̀ mọ́ra: àlùbọ́sà, karọ́ọ̀tì, ẹyin, ó tán. Ẹ̀wà á gba àgbàdo, á di àdàlú, tàbí kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ da ata àgànyìn lé e, kí búrẹ́dì Àgége bá a lọ. Iṣu sísè ń wọ inú ẹyin lọ sínú òróró gbígbóná. Mọ́ínmọ́ín náà, ẹ gé e, ẹ dín in. Ọbẹ̀ ata díẹ̀ tó kù nìdí ìkòkò ti tó se àsáró. Ìwọ̀n tí ẹ máa jẹ nìkan ni kí ẹ bù, kí ẹ mú gbóná, ẹ má gbé gbogbo abọ́ jáde, nítorí gbogbo ìgbà tó bá ń tutù padà ni kòkòrò tún ń ráyè. Ẹ má sì da tàná mọ́ tòní. Ìrẹsì tó sun orí tábìlì mọ́jú, bí ẹ fi karọ́ọ̀tì ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ìrẹsì tó sun orí tábìlì mọ́jú náà ni.

Mo mọ̀ pé dída oúnjẹ nù ń dunni, pẹ̀lú iye tí dẹ́ríkà ìrẹsì ń lọ báyìí. Mo sì mọ̀ pé iná kì í dúró. Fíríìjì tó ti tutù dáadáa, bí ẹ kò bá ṣí i, lè di òtútù rẹ̀ mú tó wákàtí 4 lẹ́yìn tí iná bá lọ. Fíríísà tó kún lè ṣe 48, èyí tó kún dé ìdajì 24. Kí ọmọ má máa ṣí i wò, ìyẹn ni oògùn rẹ̀.

Ilé tí kò ní fíríìjì rárá ńkọ́? Kí wọ́n se ìwọ̀n ìrẹsì tó máa tán lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n fi ọbẹ̀ ata díndín nìkan pa mọ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, kí wọ́n bù ú fún ará ilé lójú ọ̀nà kejì lálẹ́ ọjọ́ náà, kí wákàtí méjì tó pé. Kì í ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì o.