Ta ló sọ fún yín pé ìrìbọmi ni wọ́n fi ń gba oúnjẹ ní àgọ́ ogunléndé?

Ẹ̀gbọ́n kan tí mo ń bọ̀wọ̀ fún ló tún sọ ọ́ níbi ìkómọ lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ní gbogbo àjọ ìjọ òyìnbó tó ń pín oúnjẹ fún ogunléndé, ẹ̀sìn ni wọ́n ń tà. Pé bí èèyàn ò bá kọ́kọ́ gba ìrìbọmi, garawa omi kan kò ní kàn án. Wọ́n wá dárúkọ àwọn Lutheran, ìyẹn ẹ̀ka ìjọ Kristẹni kan, pé àwọn gan-an ni ògbóǹkangí nídìí ẹ̀. Mo bi wọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti dé àgọ́ ogunléndé kankan rí?" Wọ́n ní ṣé ó dìgbà tí àwọn bá débẹ̀ káwọn tó mọ̀ ni. Àwọn tó jókòó tì wọ́n ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ojú ìyá ọmọ ni mo wò tí mi ò fi sọ̀rọ̀. Ó ti sú mi báyìí.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ìjọ ló rán mi: Mùsùlùmí ni mí, Ìwó ni wọ́n bí mi sí, n kò jẹ gbèsè alufaa kankan.

Lutheran World Federation, LWF, ni ẹgbẹ́ tó kó àwọn ìjọ Lutheran káàkiri ayé jọ. Ìlú Lund ní Sweden ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1947, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú Yúróòpù ká. Nínú Lutheran mẹ́fà lágbàáyé nígbà náà, ọ̀kan jẹ́ ogunléndé tàbí ẹni tí ogun ti lé kúrò nílé. Ara wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń bọ́, kì í ṣe aláwọ̀ dúdú tí wọ́n fẹ́ yí lọ́kàn padà. Ẹ̀ka tó ń ṣe iṣẹ́ ìrànwọ́ náà dòní ń jẹ́ World Service, Geneva sì ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà. Iṣẹ́ ìhìnrere ní ẹ̀ka tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọmọ Nàìjíríà kan, Musa Panti Filibus, ti darí ẹ̀ka ìhìnrere yẹn kí wọ́n tó fi í jẹ ààrẹ gbogbo LWF ní Windhoek ní Namibia ní 2017. Ẹni tó ń darí World Service kì í ṣe ẹni yẹn. Ẹ̀ka kan ń bójú tó ìjọ, ìkejì ń bójú tó omi, àgọ́ àti iléèwé.

Ẹ jẹ́ ká wá débi tó dùn mí jù, torí kò sẹ́ni tó ń sọ ìtàn yìí tí mo rí tó ti dá mi lóhùn níbẹ̀. Mauritania ni, ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Ìsìláàmù ni ẹ̀sìn ìjọba Mauritania, òfin wọn kò sì fàyè gba ọmọ onílẹ̀ láti kúrò nínú rẹ̀. LWF wọ orílẹ̀-èdè yẹn ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí ọ̀dá Sahel, ilẹ̀ gbígbẹ ẹ̀bá aṣálẹ̀ Sahara, ń lé àwọn darandaran wọ Nouakchott, olú ìlú wọn, tí iyanrìn aṣálẹ̀ sì ń gun orí ilé àti ojú ọ̀nà. Ẹ mọ iṣẹ́ tí àwọn tí ẹ ní wọ́n ń ta ẹ̀sìn ṣe? Igi ni wọ́n ń bá àwọn aráàlú gbìn. Wọ́n gbin igi yí Nouakchott ká kí ó lè di iyanrìn mú, kí ìlú má bàa bò mọ́lẹ̀. Wọ́n ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ogun Mali bẹ́ ní 2012 tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún Tuareg àti Lárúbáwá sá wọ àgọ́ Mbera ní ìlà oòrùn Mauritania, LWF náà tún wà níbẹ̀. Mùsùlùmí làwọn tó sá wá, Mùsùlùmí làwọn tó gbà wọ́n. Nínú nǹkan bí 150 ìjọ tó wà nínú LWF ní orílẹ̀-èdè tó tó 99, kò sí ẹyọ kan láti Mauritania. Oníṣòwò wo ló ń pàtẹ ọjà sójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí kò ta ẹyọ kan, tí kò sì palẹ̀ àtẹ mọ́?

Bí ẹ bá ní Mauritania nìkan ni, ẹ wo Bangladesh. Lẹ́yìn ogun òmìnira wọn, ní 1972, LWF dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní agbègbè Rangpur àti Dinajpur tí wọ́n ń pè ní RDRS, láti bá àwọn tó padà sílé láti India tún ayé wọn tò. Ní 1997 wọ́n fà á lé àwọn ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́, ó di àjọ tiwọn, àwọn ni wọ́n sì ń darí rẹ̀ títí dòní. Ẹ wo àgọ́ ogunléndé Dadaab ní Kenya, níbi tí àwọn ará Somalia ti ń gbé láti 1991. Nígbà tí àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde ìyàn ní Somalia ní 2011, tí èrò Dadaab lé ní 400,000, LWF wà lára àwọn tó ń bójú tó àkóso àgọ́ yẹn lójoojúmọ́. Ẹ lọ wo àwọn èèyàn náà lónìí. Ìrun márùn-ún ni wọ́n ń kí.

Èmi fúnra mi ṣiṣẹ́ ní àgọ́ ogunléndé Kakuma, lábẹ́ àjọ mìíràn, nídìí ilé ìkẹ́rùsí. Turkana ni Kakuma wà, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Kenya, eruku àti oòrùn ni ibẹ̀ mọ̀. LWF ti wà níbẹ̀ láti 1992, nígbà tí àwọn ọmọkùnrin Sudan tí ogun ti sọ di aláìlóbìí fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ, ìka ni olúkúlùkù ń tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, iye orí tó wà nínú ẹbí rẹ̀ ni wọ́n sì ń wò kí wọ́n tó wọn àgbàdo fún un. Kò sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni lójú mi pé ọlọ́run wo lo ń sìn. Ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí LWF ń bójú tó, ọmọ Somalia tó wé híjáàbù jókòó ti ọmọ South Sudan tó fi àgbélébùú kọ́rùn, ìwé ìjọba Kenya ni àwọn méjèèjì ń kà. Ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú àgọ́ o, mọ́ṣáláṣí náà wà. Àwọn ogunléndé fúnra wọn ni wọ́n fi amọ̀ àti páànù kọ́ wọn. Mo máa ń bá òṣìṣẹ́ LWF kan tó jẹ́ ọmọ Garissa lọ kírun Jímọ̀. Nígbà tí mo sọ ìtàn tí wọ́n ń sọ nílé wa fún un, ẹ̀rín ló pa á. Ó ní kí n bá òun bi wọ́n, nígbà wo ni wọ́n máa ṣe ìrìbọmi tòun, torí ó ti pẹ́ tóun ti ń gba owó oṣù wọn.

Àwọn èèyàn tún rò pé olórí irú iṣẹ́ yìí á jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù tó ń gbé Bíbélì káàkiri àgọ́. Maria Immonen, ọmọ Finland, ti jẹ́ olórí World Service rí. Iṣẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe ìwàásù. Àdéhùn ni, ìṣirò owó ni, ààbò òṣìṣẹ́ ni, ká máa bá ìjọba sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá ni. Owó púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti ọ̀dọ̀ UNHCR, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń bójú tó ogunléndé, láti ọ̀dọ̀ Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti ìjọ bíi ti Sweden. Gbogbo owó yìí ló ní ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Ní 1994, àwọn Red Cross àti àwọn àjọ ńlá mélòó kan fẹnu kò sórí ìlànà iṣẹ́ ìrànwọ́ nígbà àjálù, LWF sì wà lára àwọn tó gbé e kalẹ̀. Ó wà nínú rẹ̀ kedere pé a kò ní wo ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí orílẹ̀-èdè ẹnikẹ́ni kí a tó ràn án lọ́wọ́, àti pé a kò ní fi ìrànwọ́ ti ẹ̀sìn kankan lẹ́yìn. Ẹ rò ó wò: bí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo bá ní kí ìyá tébi ń pa gba ìrìbọmi kó tó gbọ́mọ gba oúnjẹ, tí ìyá náà sì fẹjọ́ sùn, olórí wo ní Geneva ló fẹ́ fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré? Àdéhùn á já. Ìjọba á lé gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀sìn rẹ̀ gan-an á ṣọ́ra fún irú ìwà bẹ́ẹ̀ ju ẹlòmíì lọ.

Ní August 2014, LWF àti Islamic Relief Worldwide, àjọ ìrànwọ́ àwọn Mùsùlùmí, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Geneva pé àwọn á jọ máa ṣiṣẹ́. Ní Nepal, lẹ́yìn ìsẹ̀lẹ̀ 2015, wọ́n jọ ṣe é. Àti ilé ìwòsàn Augusta Victoria lórí Òkè Ólífì ní Jerúsálẹ́mù, tó wà lọ́wọ́ LWF láti 1950: ibẹ̀ ni àwọn ará Palẹ́sítínì tó ní àrùn jẹjẹrẹ ti ń gba ìtọ́jú onítànṣán, Mùsùlùmí ló sì pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn.

Wọ́n á ní, "Ṣebí iléèwé ni wọ́n fi sọ bàbá bàbá wa di Samuel?" Ó ṣẹlẹ̀. Míṣọ́nárì ni ìyẹn, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún; àwọn míṣọ́nárì yẹn gan-an ò sì fi ohun tí wọ́n wá ṣe pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á tún ní oore ni wọ́n fi ń dọ́gbọ́n fa ọkàn èèyàn. Bí ẹnì kan bá wá fẹ́ràn ẹ̀sìn ẹni tó fún un lómi mu, ẹ̀ṣẹ̀ ta ni? Ó dáa, àwọn ìjọ kéékèèké kan wà tó ń so oúnjẹ mọ́ ìsìn, mi ò ní parọ́. Ẹ dárúkọ àwọn yẹn.

Bí ẹ bá sì ń wá ẹ̀sùn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ọwọ́ ìjọba òkèèrè ni àpò owó àwọn àjọ wọ̀nyí wà. Ní 2018, Amẹ́ríkà dá $25 mílíọ̀nù tó yẹ kó lọ sí àwọn ilé ìwòsàn ní ìlà oòrùn Jerúsálẹ́mù dúró, Augusta Victoria sì wà nínú wọn. Nígbà tí ìjọba kan náà tún gé owó ìrànwọ́ ní 2025, oúnjẹ tí wọ́n ń pín ní Kakuma já wálẹ̀ gan-an, àwọn èèyàn sì jáde fi ẹ̀hónú hàn. Ìyẹn ni kí ẹ gbé lọ bá wọn ní Geneva.